Imí-ọjọ́ nínú dísù: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní oṣù Keje ọdún 2024, ọ̀gá àjọ NMDPRA tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo ní Nàìjíríà sọ pé imí-ọjọ́ inú dísù Dangote pọ̀ ju ti èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun lọ. Dangote ní irọ́ ni, ó kó àwọn aṣòfin lọ sí iléeṣẹ́ ìfọpo rẹ̀ ní Lẹ́kì, wọ́n sì yẹ dísù wò níṣojú wọn. Ọ̀pọ̀ tó gbọ́ ìròyìn náà ò tiẹ̀ mọ̀ pé imí-ọjọ́ ń bẹ nínú epo ọkọ̀.

Ṣé imí-ọjọ́ tí à ń pò mọ́ ọṣẹ náà ni?
Òun ni. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bù ú sínú dísù o. Látinú ilẹ̀ ló ti bá epo rọ̀bì wá. Iléeṣẹ́ ìfọpo ló yẹ kó yọ ọ́, owó kékeré kọ́ sì ni yíyọ rẹ̀ ń gbà. Tó bá jóná nínú ẹ́ńjìnì, ó ń di èéfín tó ń ta ni lọ́fun.

Ṣé ojú lè rí i?
Rárá.

Ta ló wá jàre?
Yúróòpù kì í gbà ju ìwọ̀n 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ìwọ̀n 50 ni ECOWAS fọwọ́ sí ní 2020, wọ́n sì fún iléeṣẹ́ ìfọpo abẹ́lé láyè títí di òpin 2024. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò yẹn, Dangote ní tòun jẹ́ nǹkan bí 87, pé èyí tí wọ́n rà níléepo lé ní 1,800. Ẹ ṣírò ọ̀hún fúnra yín: kò sí ìkankan tí kò ju 50 tí à ń wí lọ.

Níbo ni èyí tó dọ̀tí jù ti ń wá?
Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti gba èbúté Rotterdam, Amsterdam àti Antwerp kọjá, nílùú àwọn tí kì í rọ irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ tiwọn. Ìjọba Nẹ́dálándì fòfin de kíkó o wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 2023.

Kí ni dísù fi yàtọ̀ sí bẹntiróòlù?
Púlọ́ọ̀gì ló ń ṣáná sí bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnì dísù ò lo púlọ́ọ̀gì: ṣe ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á wá fọ́n dísù sí i, á sì gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ará Jámánì, ló ṣe é yọrí ní Augsburg ní 1897. Orúkọ rẹ̀ náà là ń pè níléepo.

AGO tó wà lára rìsíìtì ńkọ́?
Dísù ni.

Wọ́n da dísù sínú ọkọ̀ bẹntiróòlù mi. Kí ni kí n ṣe?
Ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Kódà, ẹ má yí i dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, torí pọ́ọ̀ǹpù lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo. Ẹ ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí mẹkáníìkì wá fa táǹkì gbẹ. Tẹ́ ẹ bá ti tan ẹ́ńjìnì, á máa rú èéfín, á máa já, á sì kú. Ìyẹn ṣì ṣeé tún ṣe.

Bẹntiróòlù nínú ẹ́ńjìnì dísù gan-an ló burú. Dísù máa ń yọ̀ bí òróró, òun ló ń gba pọ́ọ̀ǹpù lọ́wọ́ ìjẹrà. Bẹntiróòlù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀: irin á máa ha irin, ẹ̀rún rẹ̀ á sì wọ inú nọ́sù tó ń fọ́n epo. Ọmọ iléepo tó bá ní "díẹ̀ ni, ẹ ṣáà fi dísù kún un", owó yín ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ṣé mo lè rọ dísù sínú sítóòfù kẹrosíìnì?
Ẹ má dán an wò.

Ṣé ó yẹ kí n bẹ̀rù èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi?
Bẹ́ẹ̀ ni. Láti 2012 ni àjọ IARC, tó wà lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, ti ka èéfín dísù mọ́ ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Bí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ tilẹ̀ kéré, èéfín ni èéfín ń jẹ́. Bí páìpù bá dojú kọ fèrèsé yín, ẹ ní kó gbé e kọjá òrùlé. Kó tó tan jẹnẹrétọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ o; tó bá ti tàn án, kò níí gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ.