Bí àwọn oníkámẹ́rà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìfọwọ́ tẹ bọ́tìnì

Wọ́kì-tọ́kì kò gba àlàyé púpọ̀: tẹ bọ́tìnì, sọ̀rọ̀, tú u sílẹ̀, gbọ́ èsì. Fún àwọn tó ń kó àpótí láti inú ọkọ̀ wá síbi iṣẹ́, ó tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára kámẹ́rà, bọ́tìnì yẹn gan-an ni ìṣòro.

Àwọn kan á ní kí wọ́n tan VOX, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣí fúnra rẹ̀ bó bá gbọ́ ohùn. Ẹ̀rọ náà ní láti kọ́kọ́ gbọ́ kó tó ṣí, nítorí náà orí ọ̀rọ̀ ló máa ń gé jẹ. Olùdarí ní "Má dúró!", "Dúró!" ló dé etí oníkámẹ́rà. Èdè tó ń fi "má" ṣíwájú àṣẹ kò lè bá VOX rẹ́.

Èyí tó ń bíni nínú jù ni ìgbàgbọ́ pé àfikún wáàtì, ìyẹn agbára ẹ̀rọ, ló máa yanjú ọ̀rọ̀. Wọ́kì-tọ́kì PMR446 tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù láìgba ìwé àṣẹ kò ju ìdajì wáàtì lọ, ni àwọn èèyàn bá ń wá èyí tó le jù ú. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ṣebí inú gbọ̀ngàn kan náà ni gbogbo wọn wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ìkànnì gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnì kan bá gbàgbé ìka sórí bọ́tìnì, olùdarí pàápàá kò ráyè dá a lẹ́kun. Bí ẹni méjì bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ lórí FM, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọ́kì-tọ́kì ń gbà gbé ohùn, ìgbì tó lágbára jù á gbé ìkejì mì. Ẹ fi wáàtì kún un, ìjà náà á kàn le sí i ni.

Ọgbọ́n tó yanjú rẹ̀ wá láti ara tẹlifóònù aláìlókùn ti inú ilé. DECT ni wọ́n ń pè é, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ headset tí owó rẹ̀ kò ga. Àkókò ló ń gé sí wẹ́wẹ́. Ẹ fojú inú wo ọpọ́n ayò tó ní ilé 24, 12 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ìyá ẹ̀rọ, ìyẹn èyí tí gbogbo headset so mọ́, ń fi ohùn ránṣẹ́ nínú ilé 12 àkọ́kọ́, ó ń gba ohùn wọlé nínú 12 tó kù. Headset kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀ ní ìhà méjèèjì, kò sẹ́ni tó ń sọ ọmọ sílé ẹlòmíràn. Ìgbà 100 ni ọwọ́ ń yí ọpọ́n yìí po láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ayò tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ. Ilé kan kò tó ìdajì mílísẹ́kọ́ńdì (ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀ ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan), síbẹ̀ ohùn mílísẹ́kọ́ńdì 10 ni ẹ̀rọ ń rọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ̀rọ tó gbà á tó tún nà án padà. Etí kò ní mọ̀ pé wọ́n gé nǹkan kan. Ẹni márùn-ún lè sọ̀rọ̀ papọ̀, nítorí pé lójú afẹ́fẹ́, wọn ò sọ ọ́ papọ̀ rárá.

Ìyá ẹ̀rọ wá ń lú ohùn gbogbo wọn pọ̀, ṣùgbọ́n àdàlù tó ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀: ó máa ń yọ ohùn onítọ̀hún kúrò nínú tirẹ̀. Bí kò bá yọ ọ́, ohùn ẹni á padà wá bá a pẹ̀lú ìdádúró díẹ̀, èyí sì lè sọ ẹni tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá di akólòlò.

Àwọn headset kan tó rọjú ń lo àyè ìgbì rédíò 2.4 GHz, níbi tí Wi-Fi àti Bluetooth ti ń fún ara wọn mọ́lẹ̀. Bí èrò bá ti kún gbọ̀ngàn pẹ̀lú fóònù wọn, ohùn lè máa já. DECT ní àyè tirẹ̀: 1880 sí 1900 MHz ní Yúróòpù, 1920 sí 1930 ní Amẹ́ríkà. Ẹ má ra ti Yúróòpù lọ lò ní Amẹ́ríkà o, àyè fóònù alágbèéká ni yẹn níbẹ̀.

Àbùkù kan wà tí kò dáa tó. Kí owó lè dínkù, headset kan nínú wọn ni wọ́n sábà máa ń sọ di ìyá ẹ̀rọ. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú, gbogbo wọn ló dákẹ́. Ẹni tó jókòó sítòsí iná mànàmáná ló yẹ kó wọ̀ ọ́, pẹ̀lú bátìrì mìíràn nítòsí, kì í ṣe oníkámẹ́rà tó ń sáré kiri.