Àlàfo inú máàpù etíkun: èyí tó yẹ ká dí àti èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀

Ẹni tó bá ṣí máàpù tó ń fi gíga ilẹ̀ etíkun hàn lórí kọ̀ǹpútà lè bá àwọn ojú òfo pàdé, tí kò ní ìwọ̀n kankan nínú. Ọkọ̀ òfuurufú ni í máa ń ta ìtànṣán lésà sílẹ̀, tí ẹ̀rọ lidar inú rẹ̀ á sì fi àkókò tí ìtànṣán náà fi lọ tó fi bọ̀ mọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó. Àìmọye ìwọ̀n yìí la ń pín sínú àwọn àpótí kéékèèké, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ mítà 1, àpótí tí ìwọ̀n kankan kò sì bọ́ sí ni àlàfo.

Kí a tó dí i, ó yẹ ká mọ ohun tó fà á. Omi a máa gbé ìtànṣán tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà fún ilẹ̀ gbígbẹ ń lò mì, nítorí náà ni ọ̀sà ṣe sábà máa ń ṣófo. Ilé tí a yọ kúrò nínú máàpù náà a sì máa fi àyè sílẹ̀.

Bí àpótí kan bá ṣófo lórí iyanrìn tó tẹ́jú, tí àwọn tó yí i ká wà láàárín mítà 2.1 sí 2.3, kò sí ẹni tí yóò jiyàn bí a bá kọ 2.2 síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí àlàfo bá wà ní góńgó òkìtì iyanrìn, nítorí pé ìpíndọ́gba kò lè ga ju èyí tó ga jù lára àwọn tó yí i ká lọ. Yóò gé orí òkìtì náà, omi ìjì yóò sì rí ọ̀nà gbà lórí máàpù níbi tí kò sí ọ̀nà lórí ilẹ̀.

Òdìkejì èyí náà léwu. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, ìjì líle Isabel já erékùṣù Hatteras ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà, sí méjì, omi sì gba àárín rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí kọ̀ǹpútà dí irú ojú omi bẹ́ẹ̀ láti bèbè kan dé èkejì ti fi iyanrìn tí kò sí so ilẹ̀ pọ̀ nìyẹn. Èmi a fi í sílẹ̀ lófo.

Òfo kì í sì í ṣe òdo, nítorí òdo jẹ́ gíga kan gan-an. Ọ̀pọ̀ a máa kọ -9999 síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì (bí a kò bá ṣàlàyé àmì yìí fún kọ̀ǹpútà, yóò kà á sí kòtò tó jìn ju kìlómítà 9 lọ!). Kí a tọ́jú fáìlì kejì tó ń fi àpótí tí a wọ̀n hàn yàtọ̀ sí èyí tí a dí, kí a sì bo àwọn àpótí kan tí a ti mọ gíga wọn, kí a dí wọn bí ẹni pé wọ́n ṣófo, ká wá wo bí a ṣe ṣì í tó.