Kí gan-an ni yúnìtì iná tó ń tán nínú mítà wa?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkòròdú, ẹ óò gbọ́ ọ lálẹ́: "Yúnìtì ti fẹ́ tán o! Ta ló fi gílóòbù bálùwẹ̀ sílẹ̀ báyìí?" Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé yúnìtì ń tán. Ṣùgbọ́n ẹ bi àgbà ilé pé kí ni yúnìtì, á ní owó iná ni. Owó kọ́ o. Ìwọ̀n ni, bí kóńgò ṣe jẹ́ ìwọ̀n gàrí.

Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń yára jẹ iná tó, wáàtì la fi ń ka ìyẹn. Ẹ wo ìdí gílóòbù tàbí ẹ̀yìn fáànù, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀. Ohun tó bá ń jẹ ẹgbẹ̀rún wáàtì, tó jẹ ẹ́ fún wákàtì kan gbáko, ti jẹ yúnìtì kan. kWh tí ẹ ń rí lójú mítà nìyẹn. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 á jẹ yúnìtì kan ní wákàtì kan. Fáànù oníwáàtì 70 á fẹ́ atẹ́gùn sí yín fún bíi wákàtì 14 kó tó jẹ iye kan náà. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 kò ní pé wákàtì 17, ṣùgbọ́n ti LED oníwáàtì 9 á tàn kọjá wákàtì 110. Nítorí náà, ẹni tó ń pa gílóòbù LED kiri ilé, tí kẹ́tùlù oníwáàtì 2,000 sì ń hó omi kún ẹnu fún ife tíì kan, kò tíì rí ibi tí kóńgò ti ń jò.

Ìkòròdú wa yìí ló yẹ kó mọ iyì yúnìtì. Nítòsí Ìjẹ̀dẹ ni ilé iṣẹ́ iná Egbin wà, ẹ̀rọ ibẹ̀ mẹ́fà, 220 mẹ́gáwáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, 1,320 lápapọ̀ (mílíọ̀nù kan wáàtì ni mẹ́gáwáàtì kan). Gáàsì ni wọ́n ń dá iná sí lábẹ́ omi títí tí yóò fi di ooru tó ń yí ẹ̀rọ, omi ọ̀sà ló sì ń mú un tutù. Inú àwọn kan kì í dùn pé à ń gbé etí odò, à ń fi itọ́ bọ́jú. Mo gbọ́ wọn yé. Ṣùgbọ́n inú wáyà gbogbo orílẹ̀-èdè ni iná Egbin ń wọ̀, kì í gba ẹ̀yìn ilé wá bá wa.

Ní tèmi, ohun tó ń mú kí ènìyàn ṣọ́ iná lò jù lọ ni kó rí ìwọ̀n náà fúnra rẹ̀. Mo gbé ilé kan rí níbi tí bíìlì àfojúbù ti ń wọlé lóṣooṣù. A máa ń pín in ní yàrá-yàrá. Iná ìta ń tàn di ọ̀sán, ẹnì kan ń fi sítóòfù oníná se ẹ̀wà, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí bó o pa á, bó ò pa á, iye kan náà lo máa san. Nígbà tí mítà olówó-ṣáájú dé, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí sítóòfù kẹ́rósìn fi padà. Ẹnikẹ́ni kò wàásù fún wa.

Owó náà sì tún wá le. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín àdúgbò sí báàǹdì, A títí dé E, gẹ́gẹ́ bí iye wákàtì iná tó yẹ kí wọ́n máa rí lójúmọ́: ti báàǹdì A kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtì 20. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yúnìtì kan fún báàǹdì A fò láti bíi náírà 68 sí 225, kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀. Ó dùn wá. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja dídì ló dùn jù, torí fírísà wọn kì í sinmi.

Àwọn ni mo fẹ́ kí ìpàdé onílé àti ẹgbẹ́ ọjà kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́. Ẹ fi náírà bébà há ẹnu fírísà, kí ẹ pa á dé. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti bàjẹ́, òtútù ń sá jáde. Ẹ má ṣe tì í mọ́ ògiri, kí ooru ẹ̀yìn rẹ̀ rí ọ̀nà lọ. Ẹ to ẹja kún un. Fírísà tó kún máa ń pẹ́ kó tó yọ́ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Nípa ti iná ìta, ó tó kí àwọn onílé fi ẹnu kò sí ẹni tí yóò máa pa á láàárọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí fírísà tiyín ń jẹ, ẹ duro de alẹ́ tí iná kò ní lọ, ẹ pa gbogbo nǹkan yòókù, ẹ kọ nọ́ńbà ojú mítà sílẹ̀. Láàárọ̀, ẹ tún kọ ọ́, kí ẹ yọ èyí tó kéré kúrò lára èyí tó pọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, fírísà nìkan ló jẹ ẹ́.