Ṣé ẹ̀wọ̀n òbí ni ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ ọmọ lọ sí kóòtù ń wá?

Ní Kétu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bí ará ilé bá rí ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ, òwe kan ló máa ń pa ẹnu gbogbo wọn mọ́: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n gbà pé bí ọ̀rọ̀ bá ti dé iwájú adájọ́, òbí á ṣẹ̀wọ̀n, ìjọba á sì gba ọmọ lọ pátápátá. Ni bàálé á bá pe ìpàdé, ẹ̀bẹ̀ á pọ̀, ọmọ á sì padà síbi tí wọ́n ti ń lù ú.

Àwọn méjì tó ń jà sí ilẹ̀ tàbí owó ni òwe yẹn ń bá wí. Ọmọ tó wà nínú ewu kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ọmọdé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe rí i, òfin 2015-08 ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2015, tó ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n mú ọmọ ọdún 10 láti abúlé kan lágbègbè Kétu wá sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní vidomègon lédè Fọ̀n. Omi tútù ló ń kiri ní ọjà Ouando nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì, àpá ẹgba sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ náà bá dé ọ̀dọ̀ adájọ́ àwọn ọmọdé, ohun tó máa kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ọmọ á sùn tí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀, àti ẹni tó máa tọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba á lọ wo ilé, á bá ọmọ sọ̀rọ̀, á bi aládùúgbò, á kọ ohun tó rí sílẹ̀. Adájọ́ lè fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀ kí òṣìṣẹ́ máa yọjú sí i. Ó lè fà á lé ìyá tó bí i tàbí ìyá àgbà lọ́wọ́. Bí kò bá sí ẹbí tó ṣeé fọkàn tán, ilé ìtọ́jú ọmọ ni. Bí nǹkan bá sì yí padà, ó lè yí àṣẹ náà padà.

Ìbẹ̀rù àwọn èèyàn kò ṣàì nídìí ṣá o. Bí wọ́n bá fipá bá ọmọ lò pọ̀, tàbí wọ́n kó o ṣòwò, procureur, agbẹjọ́rò ìjọba, lè gbé ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n sì ń bẹ níbẹ̀. Ní 2003, wọ́n dá àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n kó lọ fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta padà wálé. Ní 2006, ìjọba ṣe òfin 2006-04 lórí kíkó ọmọ ṣòwò. Ìpàdé ẹbí tó fi ìgò ọtí parí ìfipábánilòpọ̀ kò parí nǹkan kan, lójú tèmi.

Ilé ẹjọ́ (tribunal) Pobè ni ti ará Kétu. Àjàṣẹ́ ní tirẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ kọ́kọ́ débẹ̀: ẹ lè lọ sí kọmísáríà ọlọ́pàá tàbí CPS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ẹbí àti ọmọ tó wà nínú ìṣòro, tí ìjọba ti sọ di GUPS. Ẹ kò nílò agbẹjọ́rò, kò sì di dandan kí ẹ jẹ́ òbí ọmọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ọjọ́ tí ẹ rí i àti ibi tí ọmọ ń gbé. Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́ ọ lásán ni, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọ́n máa wádìí rẹ̀.