Trigeminal: iṣan ìbẹta tó ń ṣọ́ ojú

Eyín ń dunni, a lọ yọ ọ́, ìrora kò lọ. A tún yọ èkejì, ó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lóhun báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí, tó sì jẹ́ pé kò sóhun tó ṣe eyín wọn. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ọpọlọ, lọ̀rọ̀ wà, lára iṣan kan tí àwọn dókítà ń pè ní trigeminal.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan. Okùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan là ń pè é. Èyí tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan náà ni. Èyí tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ, iṣan náà ni. Ìkẹta yìí ni mò ń sọ. Ti ẹ̀jẹ̀, òpójẹ̀ ni n ó máa pè é, kí méjèèjì má baà dàrú mọ́ra wọn, torí ẹ óò rí i pé àárín àwọn méjèèjì yìí gan-an ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀.

Oríṣi iṣan 12 ló jáde tààrà láti inú ọpọlọ, kálukú ní ti ọ̀tún àti ti òsì. Trigeminal ni ìkarùn-ún, òun ló sì tóbi jù. Látìn lorúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ṣòro fún wa rárá: ìbẹta ni, ọmọ mẹ́ta tí a bí pọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní pons. Ó la omi tó yí ọpọlọ ká kọjá, ó wá wọ kòtò kékeré kan ní ìdí agbárí, Meckel's cave. Ibẹ̀ ni kókó rẹ̀ jókòó sí, tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, lára kókó náà sì ni àwọn ọmọ mẹ́ta ti pínyà.

V1, V2 àti V3 ni àwọn dókítà ń pe àwọn ọmọ mẹ́ta náà. V1 lọ sókè: iwájú orí, ìpéǹpéjú òkè, ojú ẹyinjú fúnra rẹ̀, àti imú títí dé ṣóńṣó. V2 gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè òkè àti eyín òkè. V3 ló ni eyín ìsàlẹ̀, ètè ìsàlẹ̀, àgbọ̀n àti iwájú ahọ́n. V3 nìkan ló tún ń ṣiṣẹ́ agbára, torí òun ló ń pàṣẹ fún ẹran tí a fi ń jẹun. Bí ẹran yìí bá rọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, àgbọ̀n á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó rọ náà nígbà tí ènìyàn bá lanu. Ẹ má fi èyí wé ẹnu tó wọ́, tí ojú kò sì lè pa dé. Iṣan ìkeje ló ni ìyẹn. Àwọn méjèèjì kàn jọ máa ń ṣiṣẹ́ ni. Bí dókítà bá fi ṣóńṣó òwú kan ojú ẹyinjú, V1 ló gbé ìròyìn lọ, iṣan ìkeje ló pa ojú méjèèjì dé.

Àrùn tó mú iṣan yìí di olókìkí ni trigeminal neuralgia. Ìrora rẹ̀ ń já wọlé bí iná mọ̀nàmọ́ná, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kì í ju ìṣẹ́jú 2 lọ, á sì tún padà wá. Kò bèèrè ohun ńlá: ìfọyìn, ìbọ́jú, ọ̀rọ̀ sísọ, afẹ́fẹ́ tó fẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ka èyí sí ọ̀kan lára ìrora tó burú jù tí ara ènìyàn lè rí, torí ohun tí a kò lè ṣe kí a má ṣe gan-an ló ń jí i. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ó sábà máa ń mú, ní ilẹ̀ V2 tàbí V3, ó sì pọ̀ lára àwọn tó ti lé ní ọdún 50, obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Kí ló fà á? Lọ́pọ̀ ìgbà, òpójẹ̀ kan ló fara ti gbòǹgbò iṣan náà lẹ́bàá pons, tó ń lù ú kìkì bí ọkàn ṣe ń lù. Bó ṣe ń pẹ́, èèpo tó bo àwọn fọ́nrán inú iṣan á bó, bíi wáyà tí rọ́bà rẹ̀ ti họ. Ìròyìn ìfọwọ́kàn lásán á wá fò bọ́ sójú ọ̀nà ìrora. Ọpọlọ kò mọ̀ pé ìdí gbòǹgbò ni wàhálà wà. Eyín ló gbọ́ pé ó ń ké. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló ń ṣe, tàbí tó mú ọ̀tún òun òsì, a ní láti wò ó bóyá multiple sclerosis, àrùn tó ń bó èèpo àwọn fọ́nrán iṣan nínú ọpọlọ, ló wà nídìí rẹ̀. Iwú tó hù nítòsí iṣan náà lè tẹ̀ ẹ́.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ tọ iṣan náà láti gbòǹgbò dé ṣóńṣó. CT, tó ń fi ìtànṣán X-ray ya àwòrán inú ara, dára fún eegun àti àwọn ihò agbárí tí àwọn ẹ̀ka gbà jáde. MRI, tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya tirẹ̀, ló ń fi iṣan fúnra rẹ̀ hàn: nínú irú àwòrán kan tí wọ́n ń gé ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, omi ọpọlọ á funfun, iṣan àti òpójẹ̀ á dúdú nínú rẹ̀ bí òwú méjì. Ṣùgbọ́n òpójẹ̀ máa ń kan iṣan yìí lára àwọn tí ojú kò dùn rí, nítorí náà ìtàn tí aláìsàn sọ ló ń júwe àrùn, àwòrán kàn ń wá ìdí rẹ̀ ni.

Ojú tó kú, tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó ń dùn lọ. Ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ awọ ojú ló rá pálá tọ iṣan wọ inú agbárí. Bí ara bá sì sú ní iwájú orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó dé ṣóńṣó imú, ẹyinjú wà nínú ewu: kòkòrò varicella zoster, èyí tó ń fa chickenpox, tó ti sá pamọ́ sínú kókó iṣan látìgbà èwe ló jí. Oògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72.

Ní ti neuralgia, oògùn ìrora lásán kì í sábà ràn án. Carbamazepine, tí wọ́n ń lò fún wárápá, ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún aláìsàn. Bí kò bá ṣe é mọ́, oníṣẹ́ abẹ lè gba ẹ̀yìn etí wọlé, kó fi tìmùtìmù Teflon kékeré, irú ike kan, sáàárín òpójẹ̀ àti iṣan. Ọ̀pọ̀ wọn ló jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, tí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan.