Nọ́ńbà ìdí ère: bí ohun àtijọ́ ṣe ń di ti mùsíọ́mù

"Wọ́n ti kó èyí tó dáa pamọ́." Bí àlejò bá ti gbọ́ pé ẹrù tó wà ní yàrá ìkẹ́rùsí mùsíọ́mù pọ̀ ju èyí tó wà nínú gíláàsì lọ, ohun tó máa ń sọ nìyẹn, ojú rẹ̀ á sì máa wá ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Ọ̀rọ̀ náà ti di àṣà, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí iná bá ń tàn sí láti àárọ̀ dalẹ́ á ṣá. Tó bá ti ṣá, ó parí. Mùsíọ́mù ò lè tún un rẹ láró, nítorí aṣọ mìíràn nìyẹn á dà. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń gbé aṣọ síta fún oṣù díẹ̀, tí wọ́n á sì dá a padà sínú òkùnkùn kó lọ sinmi, tí òmíràn á bọ́ síta. Igi náà ní tirẹ̀: ọyẹ́ á gbẹ ẹ́ títí á fi sán, òjò á dé, á tún wú. Ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn kò sá pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìsinmi ló lọ.

Òkúta ní tirẹ̀, irú wàhálà bẹ́ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ bá a. Ẹ wo mùsíọ́mù Ẹ̀sìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Òun ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i, ibi tí wọ́n bá àwọn ère náà gan-an ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀: ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó jókòó sórí àpótí, ẹni tó kúnlẹ̀, ẹni tó gbé àdá lé èjìká, ẹni tí irun orí rẹ̀ gbayì ju ti ìyàwó tuntun lọ. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, èyí tí ọ̀bẹ ń gbẹ́ bí ẹni gbẹ́ igi. Nínú ìwé, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé H. G. Ramsay, alábòójútó ilé-ìwé ìjọ CMS, ló "rí" wọn ní 1933. Àwọn ará ìlú ti ń bọ wọ́n kí wọ́n tó bí Ramsay, ṣùgbọ́n kí ìwé tó mọ̀ pé nǹkan wà, ó dìgbà tí ẹnìkan bá kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kíkọ sílẹ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ mùsíọ́mù, ó sì dùn ju ọ̀rọ̀ gíláàsì lọ.

Ọ̀nà tí ohun kan ń gbà di ti mùsíọ́mù jọ ìsọmọlórúkọ. Wọn kì í sọ ọmọ lórúkọ lójú ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mùsíọ́mù náà kì í gba orúkọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ ìwé ìgbàwọlé: ta ló mú un wá, láti ibo, lọ́jọ́ wo, ṣé ó fi tọrẹ ni àbí ó tà á, àbí ó yá wọn lásán. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbé e sí yàrá ọ̀tọ̀, nítorí kòkòrò. Ère igi kan ṣoṣo tí kòkòrò ń jẹ nínú lè ran gbogbo ilé. Àwọn mùsíọ́mù tó ní irinṣẹ́ máa ń di ère bẹ́ẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n á tì í sínú fírísà fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí òtútù pa kòkòrò àti ẹyin rẹ̀. (Ibi tí iná ìjọba kì í ti í dúró, ète yìí kò rọrùn: fírísà tó ń kú tó ń jí kò lè pa kòkòrò kankan.)

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ wá dé. Ká ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni 2024.3.7. Ọdún 2024 ló wọlé. Ìkẹta nínú àwọn ẹrù tó wọlé lọ́dún náà ló bá dé, òun sì ni ìkeje nínú ẹrù yẹn. Kò sí ẹwà níbẹ̀, kò sì sọ bóyá ìlù ni tàbí ìkòkò, àwọn kan sì rò pé àìmòye ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ Àlàbá. Orúkọ náà ò sọ bí ọmọ náà ṣe ga tàbí bó ṣe dúdú tó. Ohun tó sọ ni pé Ìdòwú ló dé ṣáájú rẹ̀, ìbejì ló sì dé ṣáájú Ìdòwú. Ẹni tó gbọ́ "Àlàbá" mọ̀ pé èèyàn mẹ́ta mìíràn wà tí òun lè béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni 2024.3.7 ń sọ pé mẹ́fà ti wà ṣáájú òun nínú ẹrù kan náà, láti ọwọ́ ẹni kan náà: ẹ wá wọn lọ. Ìbejì gan-an wà níbẹ̀. Gángan àti kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ á jẹ́ 2024.3.7a àti 2024.3.7b, kí ẹnikẹ́ni má baà yà wọ́n. Bí Ìdòwú bá sì kú, wọn kì í mú orúkọ náà fún ẹlòmíràn kí iye má baà dín. Nọ́ńbà ohun tó fọ́ tàbí tí wọ́n jí kì í bọ́ sára òmíràn láéláé. Àyè rẹ̀ á ṣófo nínú ìwé, òfìfo yẹn á sì máa jẹ́rìí.

Ibi tí àfiwé yìí ti já ni ara. Èèyàn ò ní kọ orúkọ ọmọ sí i lára, ṣùgbọ́n ère gbọ́dọ̀ ru nọ́ńbà tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ yìí ló gba ọgbọ́n jù. Ilà ojú ni èèyàn á kọ́kọ́ rò, kí wọ́n fi ohun mímú fín in sára kó má lè parẹ́. Rárá o. Òfin àkọ́kọ́ ni pé ó gbọ́dọ̀ ṣeé mú kúrò láìṣe ohun náà ní jàǹbá. Wọ́n á yan ibi tí ojú àlejò kì í dé tí ọwọ́ kì í sì í nù ún: ìdí ère, abẹ́ àpótí, inú etí ìkòkò. Wọ́n á kun ibẹ̀ ní fáníìṣì tó mọ́ bí omi, èyí tí ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ń lò ń jẹ́ Paraloid B-72. Tó bá gbẹ, wọ́n á fi kálàmù tó tín-ín-rín kọ nọ́ńbà sórí fáníìṣì náà, kì í ṣe sórí ère, wọ́n á tún kun òmíràn bò ó mọ́lẹ̀. Tí àṣìṣe bá wà, ásítóònù, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná, á mú gbogbo rẹ̀ kúrò, ère á sì dà bíi pé wọn ò fọwọ́ kàn án rí. Aṣọ ò gba irú èyí. Òwú ni wọ́n á fi rán téèpù kékeré tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ mọ́ igun rẹ̀ kan. Àwọn ère Ẹ̀sìẹ́ ti mú ilà tiwọn wá, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ilà lójú látọwọ́ ẹni tó gbẹ́ wọn. Mùsíọ́mù ò ní ẹ̀tọ́ láti fi tirẹ̀ kún un.

Nọ́ńbà yìí ló so ère mọ́ káàdì rẹ̀. Gíga rẹ̀ wà lórí káàdì, ìwọ̀n rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é, fọ́tò rẹ̀ láti iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́, àti gbogbo ibi tó sán tàbí tó ṣẹ́. Àwọn ìsán yìí ni ẹlòmíràn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, àmọ́ ìrísí ère àti ẹwà rẹ̀ ṣeé ṣe àfarawé. Ìsán kì í jọra. Ní 1987, àwọn olè wọ mùsíọ́mù Jos, wọ́n sì kó ohun mẹ́sàn-án lọ, orí idẹ Ifẹ̀ kan sì wà lára wọn. Ní 2007 orí náà jáde nínú ọjà gbàǹjo ní Bẹ́ljíọ̀m, wọ́n tà á bíi pé kò ní ilé. Ní 2017 ó dé London, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a mọ̀, tí ọlọ́pàá sì mú un. Ẹni tó jí i lè ha nọ́ńbà kúrò ní ìṣẹ́jú kan. Kò lè wọnú àkọsílẹ̀ lọ ha fọ́tò tó wà níbẹ̀. Ère tí kò ní fọ́tò, bó bá sọnù, ta ló fẹ́ búra pé tòun ni?

Síbẹ̀, káàdì náà ní àléébù kan tí kò kéré. Àyè wà fún gíga, àyè wà fún ìwọ̀n, àyè wà fún orúkọ ẹni tó tà á. Àyè tí ó yẹ kí orúkọ agbẹ́gilére wà ni wọ́n máa ń kọ "Yorùbá" sí, bíi pé gbogbo Yorùbá ló jókòó yí igi kan ká tí wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní London ní 1924. British Museum fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ó pẹ́ gan-an kí orúkọ Ọlọ́wẹ̀ tó wọ ìwé àwọn mùsíọ́mù, bẹ́ẹ̀ ààfin mọ ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń kọ káàdì ni kò béèrè.

Ní Ẹ̀sìẹ́, àléébù yìí ní ìwòsàn díẹ̀, ohun tó sì wò ó sàn ni pé ìlú ò fi ère sílẹ̀ fún ìjọba lọ. Ní àárín àwọn ọdún 1960, Phillips Stevens, ará Amẹ́ríkà kan, jókòó ti àwọn ère náà, ó kà wọ́n, ó ya fọ́tò wọn, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù nínú wọn ti ní orúkọ kó tó dé: Ọba Ère. Nínú ìwé, nǹkan tí wọ́n wọ̀n ni. Lójú ìlú, ọba ni, wọ́n sì ń ṣe ọdún fún un. Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹrin, wọ́n máa ń ṣe Ọdún Ère. Àwòrò á ṣe ètùtù, ìlù á dún, ọmọ ìlú á ti ìdálẹ̀ wálé. Àwọn ará ìlú ò sọ pé àwọn baba àwọn ló gbẹ́ ère wọ̀nyí. Ìtàn wọn ni pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n sì di òkúta. Onímọ̀ lè máa jiyàn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ìtàn àlejò yẹn ló jẹ́ kí ìlú tọ́jú wọn ní gbogbo ìgbà tí kò sí mùsíọ́mù, tí kò sí káàdì, tí kò sí mọ́gàdì. Àjọ NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí mùsíọ́mù, tí òfin 1979 dá sílẹ̀ ló ń bójú tó ilé náà báyìí. Ìwé tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti Àwòrò sì wà lórí Àwòrò.

Iṣẹ́ tó kù kò ní ariwo rárá. Lóòrèkóòrè, òṣìṣẹ́ méjì á wọ yàrá ìkẹ́rùsí. Ọ̀kan á máa ka nọ́ńbà láti inú ìwé, èkejì á máa wá a lórí pẹpẹ. Tí wọ́n bá parí, wọ́n á yí i padà: ti orí pẹpẹ ni wọ́n á mú wá bá ìwé. Ìyípadà yìí ló ń tú àṣírí, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ á fi ohun tó sọnù hàn, ṣùgbọ́n ìgbà kejì nìkan ló lè fi ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ bó ṣe débẹ̀ hàn. Ó sì máa ń wà: ọpọ́n ayò kan, agbada kan tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́, tí kò ní nọ́ńbà, tí kò sí nínú ìwé kankan. Wọn kì í jù ú nù. Wọ́n á fún un ní nọ́ńbà ìgbà díẹ̀, wọ́n á kọ ọjọ́ tí wọ́n rí i sí i, wọ́n á dá a padà sórí pẹpẹ, bóyá ìyá àgbàlagbà kan á bá àwọn ọmọ ilé-ìwé wá lọ́jọ́ kan, á na ọwọ́ sí i, á sì dárúkọ ilé tó ti wá.