Ẹ Má Jẹ́ Kí Àwọ̀ Láptọ́ọ̀pù Tàn Yín Jẹ

Ìyá kan gbé páálí láptọ́ọ̀pù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ̀ lé e. Ó gbé e ka orí tábìlì. “Enjiníà, tuntun la rà o. Àwa fúnra wa la já táàpù ara páálí rẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó fi ń sọ pé òun ti yó.”

Mo tàn án. RAM (àyè tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 4GB, ibi ìpamọ́ 64GB. Windows ti gba èyí tó pọ̀ nínú 64 náà, fídíò lẹ́kíṣọ̀ àti àwòrán ọmọ ti jẹ ìyókù. “Ṣé ẹ lè bá wa fi kún un?” Kò ṣeé fi kún. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti fi lẹ́ẹ̀dì jó RAM àti ibi ìpamọ́ náà mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe darúgbó. Ìyá wo ọmọ, ọmọ wo ilẹ̀. “Àwọ̀ rẹ̀ ló wù ú,” ni ìyá wí.

Bí owó tó wà lọ́wọ́ yín kò bá pọ̀, ohun tí mo máa ń sọ fún òbí akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí wọ́n gbàgbé tuntun. Kí wọ́n ra tòkunbọ̀, kì í sì í ṣe tòkunbọ̀ èyíkéyìí, bí kò ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Nílùú òyìnbó, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń rà á tàbí kí wọ́n háyà rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ wọn, wọ́n á lò ó fún bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á sì tà á ní kíkó. Dell Latitude, HP EliteBook àti Lenovo ThinkPad la máa ń rí jù nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní Computer Village, n'Ìkẹjà, láti ibẹ̀ ló sì ti ń dé ọ̀dọ̀ àwa tó wà nílùú mìíràn. Olówó gọbọi ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tuntun. Ìdérí wọn le, bọ́tìnnì wọn kì í tètè yọ, a sì lè fi sikurúdiráfà tú ọ̀pọ̀ nínú wọn kí a pààrọ̀ bátìrì, RAM tàbí SSD (ibi ìpamọ́ tó yára). Àwọn pẹlẹbẹ bíi ThinkPad X1 Carbon yàtọ̀ o: wọ́n ti jó RAM tiwọn mọ́ bọ́ọ̀dù.

Ẹ bá dé ọjà, ariwo tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni “i7 ni o, Mọ́mì!” Ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà pariwo rẹ̀ tán, kí ẹ wá wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i7 náà. Orúkọ ọpọlọ láptọ́ọ̀pù (processor) tí Intel ń ṣe ni i5 àti i7. Nínú i5-8250U, 8 tó ṣáájú yẹn ló ń sọ ìran rẹ̀ fún wa: ìran kẹjọ. i7-4600U jẹ́ ìran kẹrin, 2013 ló ti jáde. Bó bá jẹ́ 10 ló ṣáájú, bíi i5-10210U, ìran kẹwàá nìyẹn.

Ìran kẹjọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí Intel tó gbé e jáde ní 2017, òṣìṣẹ́ (core) méjì péré ló ń bẹ nínú àwọn ọpọlọ láptọ́ọ̀pù tí lẹ́tà U parí orúkọ ọpọlọ náà, ì báà jẹ́ i5, ì báà jẹ́ i7. Láti ìran kẹjọ, i5 àti i7 náà di olóṣìṣẹ́ mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí i5 ìran kẹjọ fi máa ń gba iwájú i7 ìran keje bí iṣẹ́ bá pọ̀. Ọ̀rọ̀ Windows tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró, Windows 11 kò sì gba Intel tó wà nísàlẹ̀ ìran kẹjọ, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje. Àwọn ọmọ ọjà mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ti Windows 11 bọ inú èyí tí kò yẹ. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé àtúnṣe ààbò yóò máa dé bá a.

EliteBook 840 G5, Latitude 7490 àti ThinkPad T480 ni mo fẹ́ràn jù fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìran kẹjọ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, àmọ́ ó láwọn tí wọ́n fi ìran keje sí láti ilé iṣẹ́, torí náà orúkọ ara rẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, kí ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Performance sí. Orúkọ ọpọlọ rẹ̀, iye RAM, àti bóyá SSD ni tàbí HDD (ibi ìpamọ́ ayé àtijọ́), ẹ máa bá a níbẹ̀.

RAM dà bí àtẹ ìyá alátẹ, SSD sì ni yàrá tó ń kó ọjà sí. Bí àtẹ bá kéré, gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá béèrè nǹkan ni ìyá á máa sáré wọ yàrá. Àtẹ 4GB kì í gba nǹkan: bí ọmọ bá ṣí Chrome ní ojú ewé mẹ́wàá, tó ṣí Word, tí Zoom wọlé, ó ti kún. 8GB ló yẹ, SSD 256GB sì tó fún ọdún mẹ́rin bí fíìmù kò bá pọ̀ jù. Ẹ má gba HDD. Ó ń lọ́ra, abọ́ tó ń yí nínú rẹ̀ kò sì fẹ́ ìgbọ̀nrìrì ọ̀kadà.

Bátìrì ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ jù, torí kò sí ojú tó lè wò ó kó mọ bó ṣe gbó tó. Ẹni tó ń tà á á búra pé wákàtí márùn-ún ló ń lò. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ ṣí i, kí ẹ wá kọ powercfg /batteryreport síbẹ̀. Yóò sọ ibi tó tọ́jú ìwé kan sí. Ẹ ṣí ìwé náà. Nọ́ńbà méjì lẹ ń wá: Design Capacity, ìyẹn agbára tí wọ́n bí bátìrì mọ́, àti Full Charge Capacity, ìyẹn èyí tó kù fún un lónìí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000, tí èkejì jẹ́ 31,000, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Èmi kì í bá 70 jà. Bó bá wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ owó bátìrì kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san, torí ẹ máa rà á láìpẹ́. T480 máa ń ní bátìrì méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan tó ṣeé yọ níta. Ẹ ka ti méjèèjì.

Bátìrì ayédèrú lè parọ́ nínú ìwé yẹn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo á yọ ṣájà, mo á tan fídíò sí i, mo á wá bá onísọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá fi wà lórí 100 tó já sí 60 kí ọ̀rọ̀ Arsenal tó tán, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é.

Níbi tí wọ́n ń mú iná wá fún wákàtí méjì lóru, ihò ṣájà ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Èyí tó ń gba iná láti ihò USB-C ni kí ẹ wá. Ọmọ lè yá ṣájà ẹlòmíràn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó sì lè fi power bank tó lágbára tó 65W ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ló ń gba iná o. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́ lójú ọlọ́jà, kí ẹ rí i pé ó ń wọlé.

Ewu kan wà tí àwọn òbí kì í mọ̀. Láptọ́ọ̀pù tí ilé iṣẹ́ òkèèrè ti lò lè ṣì wà lábẹ́ àṣẹ wọn. Ẹ lè lò ó fún oṣù mẹ́fà láìsí wàhálà, ọjọ́ tí ẹ bá tún Windows rẹ̀ ṣe ni orúkọ ilé iṣẹ́ kan tí ẹ kò mọ̀ rí yóò yọ, tí yóò ní kí ẹ fi ímeèlì òṣìṣẹ́ wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ fi project sílẹ̀. A rí project rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù náà kò gbà. Nítorí náà, ẹ ní kí ọlọ́jà tún Windows ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ (reset) lójú yín, kí ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín. Bí orúkọ àjèjì bá yọ, ẹ dìde. Ẹ tún pa á, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F10 lórí HP, F2 lórí Dell tàbí F1 lórí ThinkPad, kó lè gbé yín dé BIOS, ibi ìṣètò inú rẹ̀. Bó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù tí ọlọ́jà kò ní, ẹ dìde náà ni.

Ìyókù kò gba àkókò. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ kí ẹ pa á dé lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wo kámẹ́rà, ẹ dán Wi-Fi wò. Kí ojú láptọ́ọ̀pù náà (screen) jẹ́ 1920 lọ́nà 1080. Ojú 1366 kì í jẹ́ kí lẹ́tà hàn kedere, débi pé ẹni tó ń ka PDF lóru á máa rọ́jú. Tí ọmọ yín bá ń ka èdè Yorùbá, Windows ti ní bọ́tìnnì Yorùbá (keyboard) nínú tẹ́lẹ̀, ẹ kàn máa fi kún un ní Settings ni. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gan-an kò mọ̀.

Ohun tí mo sọ yìí bá ẹni tó ń ka Òfin, Ìṣirò Owó, Ìtàn tàbí Nọ́ọ̀sì mu. Ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe àwọn ètò kọ̀ǹpútà, kó wá 16GB. Tiwọn nìkan ló le: àwọn tó ń ya ilé pẹ̀lú Revit. Dell Precision tàbí HP ZBook tó ní káàdì àwòrán tirẹ̀ ni wọ́n nílò. Ó wúwo, ó sì ń jẹ bátìrì bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń fi ọwọ́ yàwòrán ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ lè fi ọdún kan kó owó jọ.

Àwọn ọmọ fẹ́ràn MacBook Air 2015, torí ápù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Monterey, ẹ̀dà macOS tó jáde ní 2021, ni Apple dá a dúró sí, RAM rẹ̀ kò sì ṣeé fi kún láéláé. Chromebook, láptọ́ọ̀pù tó ń lo ètò Google dípò Windows, náà pọ̀ lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú. SPSS, ètò ìṣirò fún ìwádìí, kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ọjọ́ tí Google yóò ṣíwọ́ àtúnṣe rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ rẹ̀ ni ọjọ́ tirẹ̀ ti kọjá.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ serial number tó wà lábẹ́ èyí tí ẹ dán wò. Mo ti rí i tí wọ́n dán ọ̀kan wò fún oníbàárà, tí wọ́n sì di ìkejì rẹ̀ fún un. Kí nọ́ńbà náà wà lórí rìsíìtì, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti dá a padà.

Ìyá tó gbé páálí wá yẹn fi tuntun náà dí lára owó T480 lọ́dọ̀ mi. Mo yọ Windows kúrò lórí tuntun, mo fi Linux Mint sí i. Òun ni ọmọ iṣẹ́ mi fi ń kọ rìsíìtì báyìí.